A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí
(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan bá ìpàdé ẹ̀ka sọ)

 

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kàn gbogbo wa. Àwọn kan nínú wa ń wa ọkọ̀ jẹun, àwọn yòókù ń wọ̀ ọ́ ní ìdájí kí wọ́n lè dé ẹnu iṣẹ́ kí gééti tó tì. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a wo iṣẹ́ ọkùnrin kan, Dókítà Dayo Mobereola, kí a mọ ohun tí a lè rí kọ́ níbẹ̀.

Ní 2002 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó dá LAMATA sílẹ̀, àjọ tí yóò máa ṣètò ìrìnnà ní ìlú. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2003, Mobereola ni olùdarí àkọ́kọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2015. Ẹ rántí bí nǹkan ti rí nígbà náà. Dánfó àti mólúè ló ń kó wa. Awakọ̀ ń sáré wá owó tí yóò jíṣẹ́ fún ọlọ́kọ̀ ní alẹ́, èrò ń san iyekíye tí òjò tàbí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá sọ owó ọkọ̀ dà.

Àjọ náà gbèrò láti ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ńlá láti Máìlì 12 dé CMS, kìlómítà 22. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà lójú ọ̀nà yẹn. Ìjọba lè sọ pé kí ọlọ́pàá lé wọn kúrò. Mobereola àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gba ibẹ̀. Wọ́n pe àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW jókòó, wọ́n sì mú wọn lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ibi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn awakọ̀ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, báńkì yá wọn lówó ra bọ́ọ̀sì. Nígbà tí ọ̀nà náà ṣí ní March 17, 2008, lásìkò Gómìnà Fashola, ẹgbẹ́ awakọ̀ wà lára àwọn tó ni iṣẹ́ náà. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Wọn kò sì ná owó ní ìnákúnàá. Wọ́n fi ògiri kúkúrú pààlà sí ìdá 65 nínú 100 ọ̀nà náà, ọ̀dà ni wọ́n fi sàmì sí àwọn ibòmíràn. Kìlómítà kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí mílíọ̀nù 1.7 dọ́là, èyí tó kéré púpọ̀ sí ohun tí àwọn ìlú mìíràn ná.

Ṣùgbọ́n n kò wá síbí láti ki ẹnikẹ́ni ní oríkì. Ọdún gorí ọdún, àwọn bọ́ọ̀sì gbó, wọ́n ń kú sójú ọ̀nà. Nígbà tí a fa ọ̀nà náà dé Ìkòròdú ní 2015, ilé iṣẹ́ aládàáni tí à ń pè ní Primero ló kó bọ́ọ̀sì tuntun wá. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ alájẹṣẹ́kù awakọ̀. Lọ́dún kan náà ni Gómìnà Ambode sọ Mobereola di kọmíṣánnà fún ètò ìrìnnà.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Bọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí di alẹ́ ń jẹ táyà, ó ń jẹ bíréèkì, ó ń jẹ ọ́ìlì. Bí owó òní bá tán sórí epo àti gbèsè báńkì, kí ni a ó fi tún ọkọ̀ ṣe lọ́la? Olóyè lè fún wa ní àga níbi ìpàdé, ṣùgbọ́n kò lè bá wa tọ́jú bọ́ọ̀sì wa.

Ní 2024 ni wọ́n yan Mobereola sí NIMASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lásìkò tí ó wà ní LAMATA, ó di 2023 kó tó máa kó èrò, aláwọ̀ pupa sì tẹ̀lé e ní 2024. Olórí ń lọ, olórí ń bọ̀, ètò tuntun kò ní dúró de dánfó.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí a yan aṣojú tí yóò wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ya àwòrán ọ̀nà, kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i. Èkejì, kí alájẹṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, kí a sì máa ka ìwé owó náà sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta, kí awakọ̀ tí yóò bọ́ sínú ọkọ̀ ńlá gba ìwé tí ó sọ owó oṣù rẹ̀, wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ àti ìsinmi rẹ̀.

Wọ́n pè wá lẹ́ẹ̀kan, a lọ. Bí wọ́n bá tún pè wá, kí a mú ìwé ìṣirò wa dání. Bí wọn kò bá pè wá, kí a kan ilẹ̀kùn.