Àwọn Akọrin Ọkùnrin ti Treorchy

Ẹ̀yin Àlùfáà ọlọ́wọ̀, ẹ̀yin àgbà ìjọ, àti ẹ̀yin ará gbogbo, mo kí yín kú àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Orin ni a fi ń yọ̀ lónìí, orin ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní ilẹ̀ Wales, ní àfonífojì Rhondda, ìlú kan wà tí a ń pè ní Treorchy. Ní ayé Ọbabìnrin Victoria, wíwa èédú lábẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn ọkùnrin ibẹ̀. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, wọn a wẹ dúdú èédú kúrò lára, wọn a péjọ kọrin. Orin kọ́ ni iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Síbẹ̀ ní 1895, àwọn akọrin Treorchy kọrin níwájú Ọbabìnrin ní ààfin Windsor.

Báwo ni awakùsà tí kò mọ dùùrù tẹ̀ ṣe ń kọ́ orin olóhùn mẹ́rin? Sol-fa ni ilẹ̀ Wales fi ń kọ́ ọ. Obìnrin kan, Sarah Glover ará Norwich, ni ó pilẹ̀ ìlànà náà. John Curwen, oníwàásù, ni ó tún un ṣe tí ó sì tàn án kálẹ̀. Òun kan náà ni àwọn baba wa fi kọ́ orin nínú ìjọ. Nítorí náà àwọn ará Treorchy kì í ṣe àjèjì sí wa.

Nígbà ogun, ní 1943, ẹgbẹ́ náà túká. Ní 1946, olùkọ́ ilé-ìwé kan, John Haydn Davies, tún un gbé dìde, ó sì darí rẹ̀ títí di 1969. Ní 1990, wọ́n ti kòtò èédú tí ó kẹ́yìn ní Rhondda pa. Orin kò dákẹ́.

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹ wo ìjókòó àwọn akọrin wa. Àwọn baba tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ ti darúgbó; àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lè ka sol-fa lẹ́yìn wọn kò pọ̀. Mo bẹ̀ yín, kí olúkúlùkù akọrin àgbà mú ọmọkùnrin kan jókòó tì í ní ọjọ́ ìdánrawò, kí ó sì fi sùúrù kọ́ ọ, kí àwọn tí yóò ṣe igba ọdún lè bá orin lẹ́nu ọmọ wa.

Kí Olúwa fi èyí ṣe ìpín wa. Àmín.