Ìdajì Wákàtí Lẹ́ẹ̀mejì Lójúmọ́

Láti Ilé-Ifẹ̀ níbí la ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: ta ló ti ka ohun tí òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ nípa ìyá ọlọ́mọ? Ẹ má dá mi lóhùn. Ọ̀pọ̀ wa, tí wọ́n bá fún wa ní lẹ́tà iṣẹ́, ibi tí owó oṣù wà nìkan la máa ń kà.

Abala 54 ni. Ó ní kí aláboyún gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó bímọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tó bá bí i. Tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà, owó tí wọ́n máa san fún un nígbà ìsinmi yẹn kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16 ní tiẹ̀, àti láti ìparí 2022, bàbá ọmọ náà ní ọjọ́ 14. Èkó ti fún àwọn bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní ọjọ́ 10 láti 2014. Àmọ́ ìjọba nìyẹn o. Ẹ béèrè ọjọ́ 14 lọ́wọ́ ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní Lagere, kẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀.

Ibi tó wù mí jù nínú abala náà ni èyí táwọn èèyàn kì í sọ: ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdajì wákàtí, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín àkókò iṣẹ́.

Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n ibo lọmọ wà? Ká ní Mayfair lẹ ti ń ṣiṣẹ́, tọ́mọ sì wà lọ́dọ̀ màmá yín ní Modákẹ́kẹ́. Kẹ́ ẹ tó rí kẹ̀kẹ́ wọ̀, kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ìdajì wákàtí ti ń lọ, ọmọ ò tíì fẹnu kan ọmú. Òfin fún ìyá ní àkókò, kò fún un ní àyè. Yàrá kékeré kan tó ṣeé tì, àga kan, ilé ìtọ́jú ọmọ tí kò jìnnà: kò pọ̀ jù fún ilé iṣẹ́ tó lè ra inverter.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ látilé ńkọ́? Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀yin lẹ gbádùn jù. “Ṣebí ilé lo wà, bá mi wo ọmọ yìí.” Wọn ò rí dátà tẹ́ ẹ rà, wọn ò rí jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn yín. Tó bá jẹ́ ará Amẹ́ríkà lọ̀gá yín, ìpàdé aago mẹ́ta ọ̀sán wọn ní New York, aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án alẹ́ ni níbí, àsìkò tọ́mọ ń fẹ́ sùn gan-an. Èyí kan ẹ̀yin bàbá náà o, kì í ṣe ìyá nìkan.

Ní tèmi, mi ò rí i nínú abala 54 pé ó dìgbà tí ìyá bá wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì kó tó gba ìdajì wákàtí rẹ̀. Àkókò iṣẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni àdéhùn. Tí ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí bá pè yín ní agbaṣẹ́ṣe dípò òṣìṣẹ́, ó máa ṣòro kẹ́ ẹ tó fi òfin yìí mú wọn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ béèrè ìsinmi ìbímọ àti wákàtí ìpàdé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lè fi ímeèlì kúkurú ránṣẹ́: “Mo ń fún ọmọ lọ́mú. Láti aago 11 sí 11:30, àti aago 2 sí 2:30, mi ò ní lè gba ìpè.” Ẹ fi ránṣẹ́ kí ìsinmi yín tó parí, ẹ má dúró dọjọ́ tẹ́ ẹ bá padà sẹ́nu iṣẹ́.