Láàárín Agogo Ìparí Ẹ̀kọ́ àti Agogo Oorun
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ lórí King's College ti Èkó àti ìgbé-ayé àwọn ọmọ inú rẹ̀



Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí irú ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń fi owó ará ìlú ṣe ìtọ́jú rẹ̀, tí ó ń pèsè àwọn ọmọ sílẹ̀ de yunifásítì. Mo mú King's College ti Èkó ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àgbà ni ó jẹ́ nínú irú wọn láàárín wa. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dára, èsì ìdánwò ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa kọ́kọ́ ń bèèrè. Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Mo fẹ́ kí a máa bèèrè èyí pẹ̀lú: kí ni àwọn ọmọ ń ṣe láti ìgbà tí a bá lu agogo ìparí ẹ̀kọ́ títí di ìgbà tí a ó lu agogo oorun? Nínú wákàtí wọnnì ni mo gbàgbọ́ pé ẹ̀kọ́ ń wọ inú ọmọ, tàbí kí ó bọ́ sọnù lára rẹ̀.

Ní ọdún 1908, Henry Carr, ọmọ ilẹ̀ wa tí ó wà ní ipò gíga nínú iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní Èkó, gba Gómìnà Walter Egerton nímọ̀ràn pé kí ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin. CMS Grammar School ti wà láti ọdún 1859, Methodist Boys' High School sì ti wà láti ọdún 1878. Kì í ṣe láti bá àwọn ìjọ tí ó dá wọn sílẹ̀ díje ni a ṣe dá ti ìjọba sílẹ̀, bí kò ṣe láti fi kún iṣẹ́ wọn. A ṣí i ní ọjọ́ 20 oṣù September, 1909. King's School ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà, ọmọ 10 péré ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tí a kọ́ lè gba 300 ọmọ, yàrá ẹ̀kọ́ 8 sì wà níbẹ̀, pẹ̀lú yàrá kan fún ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì. Ẹni tí ó gbin igi ọsàn kò wo àwọn tí ó dúró tì í ní ọjọ́ náà nìkan. Ète rẹ̀ ni láti pèsè àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ Yunifásítì London, fún iṣẹ́ amòfin, iṣẹ́ oníṣègùn àti irú wọn, àti fún iṣẹ́ ìjọba tàbí ti àwọn oníṣòwò ńlá.

Irúgbìn náà so. Isaac Ladipo Oluwole wà nínú àwọn ọmọ àkọ́kọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Glasgow, ó padà wálé, òun sì ni ọmọ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó di olórí oníṣègùn tí ń bójú tó ìlera ìlú Èkó. Nígbà tí àjàkálẹ̀-àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924, ó wà nínú àwọn tí ó dìde sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Henry Carr fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1945, àwọn ìwé tí ó fi sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀ tó nǹkan bí 18,000. Ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì wà lára ìpìlẹ̀ ilé-ìkàwé University College tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948. Kò sí ìdánwò kan láyé tí ó ń bèèrè ìwé 18,000 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ ni ọkùnrin náà ń kàwé, nítorí pé ọkàn rẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹni tí ó dámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ náà ti fi ayé ara rẹ̀ hàn wá bí ẹ̀kọ́ ṣe ń di ti ènìyàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba mìíràn, Government College ti Umuahia nílẹ̀ Ìgbò, tí a dá sílẹ̀ ní 1929. Nítorí pé níbẹ̀ ni a ti sọ ọ̀ràn wákàtí yìí di òfin. William Simpson, tí ó di ọ̀gá àgbà níbẹ̀ ní 1944, pàṣẹ pé ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀, nígbà tí ẹ̀kọ́ òòjọ́ bá parí, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ ṣí ìwé tí a fi ń kọ́ni ní kíláàsì ní àkókò kan tí a yàn. Ó lè ka ìtàn, ó sì lè ṣeré, ṣùgbọ́n kí ó má há ìwé ìdánwò sórí. Chinua Achebe, tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ọdún yẹn gan-an, jẹ́rìí sí òfin yìí nígbà tí ó dàgbà, ó sì yìn ín. Umuahia kan náà ni Christopher Okigbo, Elechi Amadi àti Chukwuemeka Ike ti kàwé. N kò wí pé òfin kan ṣoṣo ni ó sọ wọ́n di òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n ilé tí a ti pa ìwé kíkà láṣẹ bí oúnjẹ, ebi ìwé kì í pa àwọn ọmọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Èkó. Bí wákàtí náà ti ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ọmọ gbé ń sùn ṣe pàtàkì. Ní oṣù March 1944, nígbà ogun àgbáyé kejì, a ti gba ibùgbé àwọn ọmọ King's College fún àwọn ọmọ ogun, a sì fi àwọn ọmọ náà sí ilé kiri ìgboro. Àwọn àgbà nínú wọn ráhùn pé àwọn ilé náà kò yẹ akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí a kò dá wọn lóhùn, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. A gbé wọn lọ sí ilé-ẹjọ́, a sì fi 8 nínú àwọn aṣáájú wọn sínú iṣẹ́ ológun ní tipátipá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kígbe, àwọn àgbà sì gbọ́. Nínú ìpàdé tí a ń pè nítorí ọ̀ràn yìí àti àwọn mìíràn ni a ti dá ẹgbẹ́ NCNC sílẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù August ọdún náà, Herbert Macaulay jẹ́ ààrẹ, Nnamdi Azikiwe jẹ́ akọ̀wé. Ẹ̀yin olóyè, ibùsùn ọmọ ilé-ìwé kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀ràn tí ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti mi ìjọba rí.

Ohun kan sì wà tí irú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kò fún àwọn ọmọ wa. Achebe kan náà sọ pé ọ̀kan nínú ìyà tí ó kọ́kọ́ jẹ ní Umuahia ni èyí tí a fi jẹ ẹ́ nítorí pé ó fi èdè Ìgbò ní kí ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá òun mú ọṣẹ. Òótọ́ ni pé níbi tí ọmọ onírúurú èdè bá pàdé, èdè kan gbọ́dọ̀ pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n a kò nílò láti fi ìtìjú lé èdè ìyá jáde. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀: wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Èdè wa kò dí ìmọ̀ lọ́nà rí.

Ẹnìkan lè wí pé, “Alàgbà, èsì ìdánwò ni yunifásítì ń bèèrè, kí ọmọ yè é ná, ìyókù yóò tẹ̀lé e.” Mo ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, mo sì ń rí ohun tí ń tẹ̀lé e. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kò sí agogo, kò sí ẹni tí yóò wí pé, “Jókòó, kàwé.” Ọmọ tí kò ka ìwé kan rí àfi èyí tí ìdánwò fẹ́, tí kò sì mọ bí a ti í ṣe àkóso wákàtí ara rẹ̀, yóò dé ibẹ̀ bí ẹni tí a já sí àárín ọjà ní òru. Ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà. Àwọn ọmọ tálákà ni èyí ń pa lára jù, nítorí ọmọ olówó ní ilé tí ìwé kún, àti bàbá tí yóò ra ọ̀nà mìíràn fún un.

Lónìí, ìjọba àpapọ̀ ni ó ni King's College, ọgbà méjì ni ó sì ní, ọ̀kan ní Erékùṣù Èkó, èkejì ní Victoria Island. Àwọn ọmọ ti pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ju 10 ti 1909 lọ. Ó yẹ kí a dúpẹ́ fún pípọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bilísì di ilé láàárín ọdún kan. Olùkọ́ tí yóò mọ orúkọ ọmọ, tí yóò sì mọ ìgbà tí ojú rẹ̀ fà ro, a kì í fi bilísì mọ ọ́n.

Kí ni a lè ṣe? Ẹ má wí pé ti ìjọba ni. Nígbà tí Èkó kò ní irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn ọmọbìnrin, àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé, tí Oyinkan Abayomi jẹ́ aṣáájú wọn, kó £1,000 jọ, Queen's College sì ṣí ní 1927. Àwọn obìnrin wọnnì kò dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, mo bẹ yín lóhun mẹ́ta. Bí ẹ bá bẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò, ẹ má dúró ní gbọ̀ngàn àlejò. Ẹ lọ wo ibi tí àwọn ọmọ ń sùn àti ibi tí wọ́n ń jẹun, kí ẹ sì bèèrè iye olùkọ́ tí ń bá wọn gbé. Bí ẹ bá fẹ́ ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, ẹ fi ìwé ìtàn àti ìwé ìmọ̀ ta á, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì bẹ ọ̀gá àgbà pé kí ó yan wákàtí tí a ó máa kà wọ́n. Àti pé, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa máa rán ẹni tí ó gbọ́ ìjìnlẹ̀ èdè wa lọ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù, kí wọ́n lè mọ̀ pé àgbà tí ó ní ọgbọ́n ń fi Yorùbá rò ó.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Carr àti Egerton ti kọ́ ilé. Ìrọ̀lẹ́ àwọn ọmọ ni ó kù tí a fi lé wa lọ́wọ́.