Ọjọ́ Mélòó ni Rọ́bà Yìí Ti Wà Lára Aláìsàn?

Lálẹ́ òní, a kò ní í kọ́ yín ní lẹ́tà tuntun. Ìwé tí ẹ ti mọ̀ ni a fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rọ́bà ìtọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ.

Bí àìsàn ènìyàn bá le gan-an, wọ́n á gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń ṣọ́ aláìsàn tọ̀sán-tòru. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà kò lè dìde lọ tọ̀. Dókítà náà sì fẹ́ mọ bí ìtọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ̀ bóyá kíndìnrín ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ojú ibi tí ìtọ̀ ń gbà jáde, títí yóò fi dé inú àpò ìtọ̀. Ìtọ̀ á máa gba inú rọ́bà náà ṣàn sínú ọ̀rá tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun rere ni.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Rọ́bà yìí ló la ògiri lẹ́nu. Nígbà tí ara bá le, bí a ti ń tọ̀ ni ìtọ̀ ń ṣan kòkòrò àrùn jáde. Bí rọ́bà bá wà níbẹ̀, kòkòrò á lẹ̀ mọ́ ọn, á máa gùn ún lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn, inú ìgbẹ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Àwọn mìíràn ń wá láti ọwọ́ àwa tí a ń tọ́jú rẹ̀. Nínú 100 aláìsàn tí rọ́bà wà lára wọn, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kòkòrò ń ráyè wọ inú ìtọ̀ ènìyàn bíi 3 sí 7. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń dá lágara. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé kíndìnrín, tí ó sì wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó lè pa ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára tẹ́lẹ̀.

Kí ni ká ṣe?

Èkíní, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan rọ́bà tàbí ọ̀rá. Ẹ tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà.

Èkejì, kí ọ̀rá rẹlẹ̀ ju ikùn aláìsàn lọ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n kó má kan ilẹ̀. Àwa náà ti ṣe àṣìṣe yìí rí. A lọ kí ẹ̀gbọ́n wa ní ilé ìwòsàn, a gbé ọ̀rá sórí bẹ́ẹ̀dì kó má bàa dí wa lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì ké mọ́ wa: ìtọ̀ tó ti jáde ń ṣàn padà sínú! Ọ̀gá ilé ìwé ni wá nígbà náà; a mọ̀wé, ṣùgbọ́n a kò mọ èyí.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe tú rọ́bà kúrò lára ọ̀rá. Ní ọdún 1966, Kunin àti McCormack ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àrùn ń dín kù bí ojú ọ̀nà ìtọ̀ bá wà ní pípadé, láti ara aláìsàn títí dé inú ọ̀rá. Bí ọ̀rá bá fẹ́ kún, nọ́ọ̀sì ni kí ẹ pè.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má jẹ́ kí rọ́bà ká, ẹ má sì fà á. Bàlúù kékeré tí omi wà nínú rẹ̀ ló dì í mú nínú. Ẹni tó bá fà á yóò ṣe aláìsàn léṣe.

Ẹ̀karùn-ún ló ṣe pàtàkì jù: kí rọ́bà má pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ibí yìí ni ìwé ti wúlò.

Ìyá kan wà ní kíláàsì wa, ata ló ń tà. Ọkọ rẹ̀ wà ní irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Ìyá fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀: "Ọjọ́ Ajé. Wọ́n fi rọ́bà sí bàbá lára." Ó ń fa ìlà kan lójúmọ́. Nígbà tí ìlà pé mẹ́rin, bàbá ti lajú, ó ti ń béèrè ẹ̀kọ gbígbóná. Ìyá bá lọ bá nọ́ọ̀sì: "Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ kẹrin rèé. Ṣé bàbá ṣì nílò rọ́bà yìí?" Nọ́ọ̀sì wo ìlà mẹ́rin náà, ó lọ pe dókítà. Wọ́n yọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Bí dókítà bá ní ó ṣì yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ tún béèrè lọ́la. Bí ara aláìsàn bá sì gbóná, tó ń gbọ̀n, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ún, tàbí tí àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kíá.

Ó yá, ẹ mú pẹ́ńsù yín. Ẹ kọ gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mẹta: Ṣé ó ṣì nílò rọ́bà yìí lónìí?