Òjò tí ó rọ̀ mọ́jú ogun Waterloo

Ọ̀rọ̀ ogun kan ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ogun Waterloo ni. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 1815, ni wọ́n jà á. Waterloo jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Bẹ́ljíkì, kò jìnnà sí ìlú Bruxelles.

Ta ni ó ń bá ta jà? Napoléon Bonaparte ni ó ń ṣe olórí ilẹ̀ Faransé. Ó ti fi ogun gba ilẹ̀ púpọ̀ ní Úróòpù. (Òun kan náà ni ó dá ìsìnrú padà sí erékùṣù Faransé ní 1802, ní òkè òkun tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn etíkun wa lọ. Kí a má gbàgbé ìyẹn.) Ní 1814 àwọn ọba yòókù para pọ̀, wọ́n borí rẹ̀, wọ́n lé e lọ sí erékùṣù Elba. Ní oṣù kẹta 1815 ó padà wọ Paris, ó tún gorí oyè. Ni Gẹ̀ẹ́sì, Rọ́ṣíà, Austria àti Prusse bá tún dìde sí i. Prusse yìí, ilẹ̀ àwọn ará Jámánì ni.

Napoléon mọ̀ pé bí gbogbo wọn bá pé, apá òun kò ní ká wọn. Ó fẹ́ lù wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, ó lu àwọn ará Prusse ní Ligny. Ẹni ọdún 72 ni Blücher, ọ̀gágun wọn. Ẹṣin rẹ̀ ṣubú lé e lórí lójú ìjà. Síbẹ̀ bàbá náà dìde, ó ṣèlérí fún Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, pé òun ń bọ̀ wá ràn án lọ́wọ́. Napoléon ní tirẹ̀ fún Grouchy ní nǹkan bí 33,000 ọmọ ogun, ó ní kí ó máa lépa àwọn ará Prusse. Ẹ fi orúkọ Grouchy yìí sọ́kàn.

Àfi òjò! Ó rọ̀ ní ọjọ́ 17, ó rọ̀ mọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko nílẹ̀ amọ̀, kò sí ohun tí a fẹ́ kọ́ yín nípa pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ẹṣin ni ó ń fa àgbá nígbà náà. Ẹsẹ̀ àgbá rì. Irin ni ọta àgbá. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ọta náà á balẹ̀, á tún fò, á máa pa ènìyàn lọ. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ibi tí ó bá bọ́ sí ni yóò rì sí. Nítorí náà Napoléon dúró kí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀. Ó di nǹkan bí agogo 11 ààbọ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo wákàtí tí ó fi dúró, Blücher ń rìn bọ̀ nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ kan náà.

Oko olóko ni wọ́n ti jà. Ọkà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ga tó ènìyàn níbẹ̀. Wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Agboolé oko kan wà tí ó ń jẹ́ Hougoumont. Àwọn Faransé jà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, wọn kò rí i gbà.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin Faransé ya lu Wellington. Àwọn ọmọ ogun Wellington to ara wọn ní igun mẹ́rin bí ọgbà. Wọ́n na ìbọn tí ọ̀bẹ wà lẹ́nu rẹ̀ síta. Ẹ wò ó, ènìyàn lè gbà láti kú, ṣùgbọ́n ẹṣin kì í fi àyà lu ọ̀bẹ. Ẹṣin ń yípo wọn, ìbọn ń pa ẹni tí ó gùn ún.

Síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ fún Wellington. Ọta ìbọn tán lọ́wọ́ àwọn tí ó ń ṣọ́ agboolé La Haye Sainte, àwọn Faransé sì gbà á. Napoléon ìbá kó àwọn akọni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Blücher ti dé! Ó ti ń jà ní ìletò Plancenoit, lápá ọ̀tún Napoléon. Napoléon ní láti pín àwọn ẹ̀ṣọ́ náà lọ síbẹ̀. Nígbà tí ó máa rán àwọn tí ó kù sí Wellington, agogo méje ti kọjá. Wọ́n gun òkè náà, ìbọn dá wọn padà. Bí àwọn Faransé yòókù ti rí i pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ń padà sẹ́yìn, wọ́n sá.

Àwọn tí ó kú àti àwọn tí ó gbọgbẹ́ lé ní 40,000 ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan wá bọ́ aṣọ òkú, wọ́n yọ eyín wọn lọ tà. Napoléon kúrò lórí oyè ní ọjọ́ 22. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé e lọ sí erékùṣù Sainte-Hélène lórí òkun, níbi tí ó kú sí ní 1821.

Grouchy ńkọ́? Ní ọ̀sán ọjọ́ ogun, òun àti àwọn ọ̀gágun rẹ̀ gbọ́ ìró àgbá lọ́ọ̀ọ́kán. Gérard, ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n lọ síbi tí ìró náà ti ń wá. Grouchy kọ̀. Àṣẹ tí wọ́n fún un ni kí ó lépa àwọn ará Prusse, òun náà ni ó sì ń ṣe. Ó bá ìdá kan nínú wọn ní Wavre, ó bá wọn jà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó ṣẹ́gun wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni oníṣẹ́ kan dé, ó sọ fún un pé ogun ti tán láti àná.