Bí Ọmú Kò Bá Tètè Kún

Ẹ̀yin ìyá wa ní Kraké, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ òní wà fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àti fún ìyá ọkọ tí ó ń bá a wẹ ọmọ.

Obìnrin bímọ lónìí. Ó fún ọmú, omi díẹ̀ tí ó pupa rúsúrúsú ni ó rí. Ará ilé ní, "Ọmú kò sí. Ẹ fún ọmọ ní omi. Ẹ ra wàrà agolo." Ẹ dúró ná! Omi rúsúrúsú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó ń dènà àrùn. Ó kéré, ṣùgbọ́n ikùn ọmọ náà kéré. Ní ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 4 ni ọmú sábà máa ń kún.

Kí ni ó ń pe ọmú jáde? Ẹnu ọmọ ni. Bí ọmọ ti ń fà á tó, bẹ́ẹ̀ ni ara ìyá ń ṣe é tó. Bí a bá fi omi tàbí àgbo kún ọmọ nínú, yóò sùn, kò ní fa ọmú. Ọmú yóò dínkù. Nígbà náà ni ará ilé yóò ní, "Ṣebí mo ti sọ!" Ẹ gbé ọmọ sí ọmú ní ìgbà 8 sí 12, tọ̀sán tòru. Títí di oṣù 6, kò nílò omi, àní nínú ooru wa yìí. Omi ni ó pọ̀ jù nínú ọmú.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ó yó? Ẹ wo ìtọ̀ rẹ̀. Láti nǹkan bí ọjọ́ 5, ó yẹ kí ó tọ̀ tó ìgbà 6 lójúmọ́. Bí kò bá tọ̀, tàbí tí kò lè fa ọmú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Wọ́n lè ní kí ẹ fi nǹkan kún un níbẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọmú tí ìyá fún sínú ife ni ó ṣáájú. Bí ó bá di dandan kí ẹ lo wàrà agolo, ti ọmọ ìkókó ni kí ẹ rà. Wàrà dídùn tí a ń bu sí tíì kì í ṣe oúnjẹ ìkókó. Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé ni wọ́n sábà fi ń kọ̀wé sára agolo lẹ́nu ibodè wa, nítorí náà ẹ ní kí agbẹ̀bí fi ìwọ̀n hàn yín. Omi híhó ni kí ẹ fi pò ó. Ẹni tí ó bu omi kún un kí agolo lè pẹ́, ebi ni ó ń fi pa ọmọ. Ní ọdún 1981, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà pé kí a má ṣe polówó wàrà yìí fún àwọn ìyá, nítorí irú ìyà bẹ́ẹ̀.

Ìwọ tí o ń ná ọjà kọjá ibodè ńkọ́? Fún ọmú sínú ife mímọ́ kí o tó lọ, bò ó, gbé e sí ibi tútù. Kí ìyá àgbà fi ife náà fún ọmọ mu láàárín wákàtí 4. Kò sí ìgò, kò sí rọ́bà tí eṣinṣin yóò bà lé. Bí o bá dé, gbé ọmọ sí ọmú kí o tó ka owó ọjà.