Ìtọ̀ Yín Ń Sọ̀rọ̀: Àyẹ̀wò Kíndìnrín Kí Ẹsẹ̀ Tó Wú

Àpápá ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, nítorí náà tí ẹ bá ń gbọ́ fèrè tírélà lẹ́yìn, ẹ má bínú.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ tó ń wa tírélà láti Tin Can lọ sí òkè Ọya. Ara rẹ̀ le koko. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi máa wú, tí èémí rẹ̀ ò já gaara mọ́, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ìrora kankan ṣáájú. Ní báyìí, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí sì ń dá owó jọ lórí WhatsApp.

Àmì ti lè wà tipẹ́. Biomarker ni àwọn onímọ̀ ń pè é: nǹkan tí a lè wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀, tó máa sọ fún wa pé àìsàn ti ń yọ́ wọlé. Ti kíndìnrín, méjì ló gbajúmọ̀. Creatinine wà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè dà bíi pé ó dáa títí nǹkan bí ìdajì agbára kíndìnrín á fi lọ. Albumin ló máa ń tètè tú àṣírí. Purotéènì ni, inú ẹ̀jẹ̀ ló sì yẹ kó wà. Ẹ wo ìyá ológì: tó bá ń sẹ́ ògì, tí èèrí ń bá omi jáde, ó mọ̀ pé asẹ́ ti ya nìyẹn. Asẹ́ ni kíndìnrín. Tí albumin bá ń bá ìtọ̀ jáde, ó ti ń ya, ó sì lè tó ọdún mélòó kan kí ẹsẹ̀ tó wú.

Tí wọ́n bá tètè rí i, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń dín albumin yẹn kù, tó sì ń dá kíndìnrín dúró pẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹrù ní Wharf tí ẹ sì ń fi ibuprofen tàbí diclofenac sùn lálaalẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Àwọn tó ń fi ìpara tó ní mercury bóra náà.

Ó tún kàn wá lọ́nà mìíràn. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ gbé e jáde pé oríṣi méjì kan nínú jíìnì APOL1 ń mú kí àìsàn kíndìnrín rọrùn láti mú èèyàn, ó sì wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá. Wọ́n gbà pé ó ń dáàbò bo àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ àrùn sunrunsunrun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ohun tó gbà wọ́n ló wá ń dọdẹ wa! Ní 2024, ìwádìí kan lára àwọn èèyàn tó ju 8,000 lọ ní Nàìjíríà àti Gánà jáde nínú New England Journal of Medicine. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rasheed Gbadegesin wà lára àwọn tó ṣe é. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ní ẹ̀dà méjì. Ewu wọn fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ní ẹyọ kan tàbí tí kò ní rárá lọ. Ẹ̀dà kan péré ń fi ìdá 18 kún un. Kì í ṣe ìdájọ́ ikú o. Ọ̀pọ̀ tó ní i ni kò ní ṣàìsàn kíndìnrín láéláé.

Kí n má gbàgbé: ẹ̀rọ abẹ́ kánópì yẹn ńkọ́, tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ di irin mú, tí kọ̀ǹpútà á sì tẹ ogún ojú-ìwé jáde nípa ẹ̀dọ̀ àti ọkàn yín? Kò gba ẹ̀jẹ̀, kò gba ìtọ̀. Kí ló wá wọ̀n? Oògùn ni wọ́n fẹ́ tà.

Ní lábù gidi, ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe urine ACR àti creatinine. Ìtọ̀ àkọ́jí ló dáa jù. Ẹ má lọ lọ́jọ́ kejì bọ́ọ̀lù tàbí nígbà tí ibà ń ṣe yín, torí albumin máa ń lọ sókè nígbà náà. Tó bá sì ga, ẹ má sunkún lójú ọ̀nà. Ẹ tún un ṣe láàárín oṣù mẹ́ta kí dọ́kítà tó sọ nǹkan kan. Ó dìgbà kan ná.